Epo àti Òróró Ìdáná: Òfin Ìlera, Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ẹni tí ń Ra Òróró ní Ọjà Ìmùṣin

1.0 Ìfáàrà

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wà ní agbègbè igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ọ̀pẹ ti ń hù fúnra rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni epo ń bá oúnjẹ rìn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Àkàrà òwúrọ̀ kò ṣe é dín láìsí òróró. Inú epo gbígbóná ni wọ́n ń ju ewùrà rírin sí kí ó tó di ọ̀jọ̀jọ̀. Epo pupa ni ó sì ń fún ìkọ́kọrẹ́ ní àwọ̀ àti adùn tí gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ìjọba bá ṣe òfin lórí epo àti òróró, inú ìkòkò ọbẹ̀ ará Ìmùṣin ni òfin náà ń lọ, yálà onítọ̀hún mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Láti ọdún 2000 wá, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà pàtàkì méjì kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi fítámì Á kún òróró. Èkejì fi òdiwọ̀n sí irú ọ̀rá kan tí ń fa àrùn ọkàn. Ìlànà méjèèjì ni ó dára. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n sì ti ń wọn ohun tí wọ́n sọ. Ọlọ́jà tí ń bu òróró láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kò ní yàrá àyẹ̀wò, èdè Yorùbá ni òun àti oníbàárà rẹ̀ sì fi ń nájà. Bí ohun kan kò bá ní orúkọ ní èdè tí wọ́n fi ń nájà, kò sí oníbàárà tí yóò béèrè rẹ̀, kò sì sí ọlọ́jà tí yóò lè dáhùn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀-ìperí fi jẹ́ ara ètò ìlera, tí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Àpilẹ̀kọ yìí yóò kọ́kọ́ wo bí Yorùbá ti pín epo sí ìsọ̀rí. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe àlàyé ohun tí ó wà nínú epo, ohun tí ìjọba ti ṣe, ibi tí òfin kò tíì dé, àti ohun tí ó ṣeé ṣe ní ìlú tí ó mọ níwọ̀n bíi Ìmùṣin.

2.0 Bí Yorùbá ti Pín Epo sí Ìsọ̀rí

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún epo. Ọ̀rọ̀ tí ó ní pọ̀, wọ́n sì gún régé. Bí ènìyàn bá sọ pé "epo" láìfi ohunkóhun kún un, epo pupa ni ó ń sọ, èyí tí wọ́n fún láti ara ẹyìn. "Òróró" ni ti ẹ̀pà, ti sóyà àti irú wọn, èyí tí ó mọ́ tí ó sì ń ṣàn. "Àdín" ni ti èkùrọ́ àti ti àgbọn. "Òrí" ni ti èso igi ọ̀dàn tí wọ́n ń kó wá láti ìhà àríwá. "Ọ̀rá" ni ti ara ẹran. Ohun méjì ni àwọn àgbà fi ṣe ìpínsísọ̀rí yìí: ibi tí epo ti wá, àti bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó bá tutù. Lójú ìmọ̀ kẹ́mísìrì, ohun kejì yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjà òde òní ti da ìpín náà rú. Ọ̀pọ̀ òróró aláwọ̀ wúrà tí àwọn ènìyàn ń pè ní òróró ẹ̀pà ni kò ti ara ẹ̀pà wá rárá. Epo ọ̀pẹ ni, tí ilé iṣẹ́ ti sẹ́, tí wọ́n ti mú pípupa rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ti ya apá tí ń ṣàn kúrò lára apá tí ń dì. Ẹni tí ó ní òun ti fi epo pupa sílẹ̀ nítorí ìlera, tí ó wá ń ra òróró, lè jẹ́ pé ọ̀pẹ kan náà ni ó ṣì ń jẹ, láìsí àǹfààní tí ó wà nínú pípupa rẹ̀. Orúkọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ó dúró lójú kan ni nígbà tí ọjà ti ṣí lọ.

3.0 Ohun tí Ó Wà Nínú Epo

3.1 Àkúntán àti àìkúntán

Èròjà tí ó pọ̀ jù lọ nínú epo gbogbo ni ásíìdì ọ̀rá. Ẹ̀wọ̀n ni ásíìdì ọ̀rá jẹ́: ẹyọ kábọ́ọ̀nù so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, ẹyọ háídrójìn sì so mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣeé fi wé ọkọ̀ èrò. Bí èrò bá ti jókòó sí gbogbo ìjókòó, ọkọ̀ ti kún tán; bí ìjókòó kan tàbí méjì bá ṣófo, ọkọ̀ kò tíì kún tán. Ásíìdì ọ̀rá tí gbogbo ìjókòó háídrójìn rẹ̀ ti kún ni ó yẹ kí Yorùbá pè ní ọ̀rá àkúntán. Èyí tí ó bá ní ìjókòó tí ó ṣófo ni ọ̀rá àìkúntán.

Ẹ̀wọ̀n àkúntán máa ń nà gbọọrọ, nítorí náà ó máa ń tò pọ̀ tímọ́tímọ́, bí igi ìdáná tí ó gún régé ti ń dì pọ̀ nínú ìdì. Èyí ni ó ń mú kí epo dì. Ẹ̀wọ̀n àìkúntán máa ń ṣẹ́ kọrọ níbi tí ó ti ṣófo, kò sì lè tò pọ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣàn. Ẹni tí ó bá rí i pé àdín àti epo pupa ti dì ní àárọ̀ ọyẹ́, tí òróró ẹ̀pà gidi sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ti rí ìyàtọ̀ yìí láìsí ẹ̀rọ kankan. Nínú epo pupa, ọ̀rá àkúntán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Nínú àdín èkùrọ́, ó tó bí 80 nínú 100. Nínú òróró ẹ̀pà àti ti sóyà, kò ju bí 20 nínú 100 lọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó tún tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, ni pé kí agbára tí ènìyàn ń rí gbà láti inú ọ̀rá àkúntán má ṣe ju 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún un.

Èyí kò sọ epo pupa di májèlé. Kàrótíìnì tí ń mú un pupa ni ara ń yí padà sí fítámì Á, tí ojú àti ara ọmọdé nílò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé epo ka iná títí pípupa rẹ̀ fi lọ, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ayamáṣe tí wọ́n mọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ mọ́, kàrótíìnì náà ti bá iná lọ. Ọ̀rá àkúntán nìkan ni kò lọ. Ọ̀rọ̀ epo pupa, nígbà náà, jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti sè é.

3.2 Àkúnàbọ̀ àti ọ̀rá olódìkejì

Ní ọdún 1902 ni Wilhelm Normann, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi háídrójìn kún òróró kí ó lè dì bí ọ̀rá ẹran. Bí ilé iṣẹ́ bá fi háídrójìn kún òróró títí gbogbo ìjókòó fi kún, ọ̀rá àkúntán ni yóò dà. Bí wọ́n bá dá a dúró ní àárín méjì, òróró àkúnàbọ̀ ni. Nínú àkúnàbọ̀ yìí ni ewu wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìjókòó tí ó ṣì ṣófo, háídrójìn méjì tí ó yẹ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ti yí padà, ọ̀kan lọ sí òdìkejì ìkejì rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà kò ṣẹ́ kọrọ mọ́. Ó nà gbọọrọ bí àkúntán, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kún. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀rá tráànsì nìyí. Ó ń mú kí ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, ó ń dín èyí tí ó dára kù, ó sì ń dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó ju 278,000 ènìyàn lọ tí ọ̀rá yìí ń fa ikú wọn lọ́dọọdún ní àgbáyé.

Kí ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ jẹ́? Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní "ọ̀rá búburú". Orúkọ bẹ́ẹ̀ kò dára tó fún iṣẹ́ ìmọ̀, nítorí pé ìdájọ́ ni ó ṣe, kò ṣe àpèjúwe. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè gbé e lé epo pupa lórí, tàbí lé òrí, tí ìṣòro tiwọn yàtọ̀. "Ọ̀rá olódì" kúrú, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ìyanodì jù, etí lè tàsé. "Ọ̀rá olódìkejì" ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an: háídrójìn bọ́ sí òdìkejì. Orúkọ tí ó ṣàpèjúwe ṣeé fi kọ́ ọmọ ilé ìwé. Èyí tí ó ń bú ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

3.3 Epo tí ó kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Yorùbá ti ní tipẹ́ kí yàrá àyẹ̀wò tó dé. Àwọn ìyá tí ń ṣe epo máa ń sọ pé epo kan ti "kan", tàbí pé ó ń "ha ọ̀fun". Bí ẹyìn bá fara gbọgbẹ́, tàbí bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, èròjà kan nínú ẹran ẹyìn a bẹ̀rẹ̀ sí í já ásíìdì ọ̀rá kúrò níbi tí ó so mọ́. Ásíìdì tí ó tú sílẹ̀ yìí ni ahọ́n ń mọ̀ ní kíkan. Àṣà kí wọ́n fi ewé bo ìdì ẹyìn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹyìn lè tètè re kúrò lára ìdì, ń mú iṣẹ́ rọrùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń fi kíkan kún epo. Epo kíkan kò ní pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Àmì ni ó jẹ́ pé epo ti ń bàjẹ́, kì í pẹ́ rú èéfín lórí iná, kì í sì í pẹ́ nínú ìpamọ́. "Ìwọ̀n kíkan epo" ni orúkọ tí ó bá a mu.

4.0 Ohun tí Ìjọba ti Ṣe

4.1 Owó fún epo tí ó dára, 1950

Ní ọdún 1949 ni ìjọba amúnisìn dá Bọ́ọ̀dù tí ń ra epo àti èkùrọ́ Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1950 ni Bọ́ọ̀dù náà ya ipò àkànṣe kan sọ́tọ̀ fún epo tí ìwọ̀n kíkan rẹ̀ kò ju 4.5 nínú 100 lọ, ó sì fi owó tí ó ga rà á. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n, wọn kò sì da epo ẹnikẹ́ni nù. Síbẹ̀, láàárín ọdún mélòó kan, epo ipò àkànṣe di èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo tí Bọ́ọ̀dù ń rà. Àwọn tí ń ṣe epo tètè ń sè ẹyìn wọn, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ọjọ́ kan tí wọ́n bá fi falẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Òdiwọ̀n tí Codex, tí í ṣe ìwé òṣùwọ̀n oúnjẹ àgbáyé, fi lélẹ̀ fún epo pupa tí wọn kò sẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 4.5 yẹn dọ́gba títí di òní. Àléébù kan ni ètò náà ní: nítorí ẹni tí ó wà ní òkèèrè ni wọ́n ṣe ṣe é. Epo tí ó kan jù, ọjà ilé ni ó kù sí.

4.2 Òróró onífítámì, 2000 sí 2002

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí oúnjẹ ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bí 29.5 ni fítámì Á kò tó lára wọn. Kí ìwádìí yẹn tó jáde ni àjọ SON, tí ń mójú tó òṣùwọ̀n ọjà, ti gbé òdiwọ̀n kalẹ̀ ní ọdún 2000; láti ọdún 2002 ni ó sì di dandan pé kí wọ́n fi fítámì Á kún ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Ti òróró jẹ́ ẹyọ òṣùwọ̀n àgbáyé 20,000 nínú kílò kan. Àjọ NAFDAC, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wà lára àwọn tí ń rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e.

4.3 Òdiwọ̀n ọ̀rá olódìkejì, 2022

Orílẹ̀-èdè Denmark ni ó kọ́kọ́ fi òfin dé ọ̀rá olódìkejì ní ọdún 2003. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n mú un kúrò nínú oúnjẹ. Ìlànà Nàìjíríà lórí ọ̀rá, epo àti oúnjẹ tí ó ní wọn nínú, ti ọdún 2022, sọ pé ọ̀rá olódìkejì kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 gbogbo ọ̀rá tí ó wà nínú oúnjẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè méje tí irú òfin tí ó pegedé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2023. Ohun tí ó yẹ ní ìyìn ni.

5.0 Ibi tí Òfin Kò Tíì Dé

Òfin wọ̀nyí mú ilé iṣẹ́ tí ń di òróró sínú ike tí ó ní àkọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ike lítà mẹ́ta tàbí márùn-ún, ìgò kan ni ó ń rà láti inú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní àkọlé. Àkọlé ti kù sí ìlú mìíràn; òróró nìkan ni ó dé Ìmùṣin. Bí wọ́n bá tún gbé ìgò funfun náà sínú oòrùn láti fa ojú oníbàárà mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ yóò máa jẹ fítámì Á tí ìjọba ní kí wọ́n fi sí i. Báyìí ni tálákà, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe òfin, fi ń jẹ́ ẹni tí òfin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti èdè. Ní ọjà Yorùbá, bí ẹnìkan bá sọ pé "wọ́n ti fi nǹkan kún epo yìí", ẹ̀sùn ni ó fi kan ọlọ́jà. Omi ni wọ́n lè fi kún un, tàbí òróró yẹpẹrẹ, tàbí aró. Nígbà tí ìkéde bá wá sọ pé "ẹ ra òróró tí wọ́n fi fítámì kún", etí tí ó ti gbọ́ ẹ̀sùn yẹn rí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àdàlù. Ó yẹ kí èdè ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Àdàlù" ni ohun tí wọ́n fi kún epo láti rẹ́ ènìyàn jẹ. "Òróró onífítámì" ni èyí tí wọ́n fi oore kún nípa àṣẹ. Orúkọ kejì yìí kò mẹ́nu kan kíkún rárá. Ohun tí ó wà nínú òróró ni ó sọ.

Àdàlù kan wà tí ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn oníjìbìtì a máa da aró pupa tí wọ́n ń pè ní Súdáànù, èyí tí ó wà fún ìda, oje ìkunbàtà àti irú wọn, sínú epo kí ó lè dà bí ojúlówó. Ní ọdún 2015, àjọ oúnjẹ àti oògùn ilẹ̀ Gánà rí aró yìí nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n yẹ̀ wò ní àwọn ọjà Accra. NAFDAC náà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà. "Epo aláró" ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Oníbàárà tí ó bá ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yóò lè béèrè pé, "Ìyá, ṣé kì í ṣe epo aláró nìyí?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nìkan lè mú kí ọlọ́jà ṣọ́ra nípa ibi tí yóò ti ra ọjà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àkọlé tí ó jẹ́ òótọ́ ṣùgbọ́n tí kò wúlò. Ọ̀pọ̀ òróró ni wọ́n kọ sí lára pé kò ní kọlẹ́sítíróòlù. Kò sí òróró ewéko kankan tí kọlẹ́sítíróòlù inú rẹ̀ tó nǹkan. Inú ẹran, ẹyin àti wàrà ni ó wà. Ẹni tí ó kọ ọ́ dà bí ẹni tí ń polówó pé iṣu òun kò ní egungun. Ohun tí ó yẹ kí oníbàárà wá lára ike ni ìwọ̀n ọ̀rá àkúntán, ìwọ̀n ọ̀rá olódìkejì àti fítámì Á.

6.0 Kí Epo Má Tán, Kí Igbó Má Run

Ìlera ènìyàn àti ìlera ilẹ̀ kò ṣeé yà nípa. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò sí orílẹ̀-èdè tí ń ta epo ọ̀pẹ sí òkèèrè bíi Nàìjíríà. Ní òde òní, èyí tí ó ń ṣe kò tó èyí tí ó ń jẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báǹkì Àpapọ̀ ka epo ọ̀pẹ àti òróró mọ́ ọjà 41 tí kò ní fún ẹnikẹ́ni ní owó òkèèrè láti kó wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ó mú ìdènà náà kúrò. Dídí ẹnu ibodè lè gbé iye epo ga. Kò lè mú ọ̀pẹ so.

Àwọn kan ní ìlú òkèèrè ti sọ pé kí ayé fi epo ọ̀pẹ sílẹ̀ nítorí igbó tí wọ́n gé ní Indonéṣíà àti Màléṣíà. Ẹ̀dùn wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n hẹ́kítà ọ̀pẹ kan tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè fún ni ní epo tọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, nígbà tí òróró inú hẹ́kítà sóyà kan kò ju bí ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pẹ sílẹ̀ yóò nílò ilẹ̀ púpọ̀ sí i. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí wọ́n fi ọ̀pẹ tí ó dára rọ́pò ọ̀pẹ gbígbó lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko tẹ́lẹ̀. Àjọ NIFOR, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìwádìí lẹ́bàá ìlú Benin ní ọdún 1939, ń pèsè irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀, tí ẹran ẹyìn rẹ̀ nípọn, tí ó sì ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni igbó ọba Ọmọ wà, èyí tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tí ayé gbọdọ̀ dáàbò bò ní ọdún 1977, tí erin igbó ṣì ń gbé inú rẹ̀. Kò yẹ kí epo ọbẹ̀ jẹ́ ìdí tí wọn yóò fi pa á run.

Òróró àlòkù náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi òróró kan náà dín nǹkan lójoojúmọ́, iná yóò máa bà á jẹ́: yóò dúdú, yóò ki, yóò máa hó fòfò, yóò sì máa rú èéfín kí ó tó gbóná tán. Ní ọdún 2018, ìjọba Íńdíà fi òdiwọ̀n sí i, ó sì dá ètò sílẹ̀ tí wọ́n fi ń kó irú òróró bẹ́ẹ̀ jọ láti fi ṣe epo ẹ̀rọ. Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti kọ́ èyí. Àwọn tí ń fi àdín àti eérú ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ̀ pé epo tí kò yẹ fún ẹnu yẹ fún ọṣẹ.

7.0 Ohun tí Ó Ṣeé Ṣe ní Ìmùṣin

Nǹkan mẹ́rin ni ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ìyálọ́jà àti ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe láìdúró de Àbújá.

(i) Ìwé ìtọpa. Kí ẹni tí ń kó òróró wá tà fún àwọn ọlọ́jà fún wọn ní ìwé kékeré tí ó sọ, ní èdè Yorùbá, ilé iṣẹ́ tí ó ti wá, èso tí wọ́n fi ṣe é, àti bóyá ó jẹ́ onífítámì. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ńlá ni ó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ ìyá tí ń ta ìgò mẹ́wàá.

(ii) Ìbòòji. Kí òróró onífítámì má ṣe dúró nínú oòrùn. Aṣọ dúdú kan tàbí àtíbàbà ti tó.

(iii) Owó fún epo tí kò kan. Wíwọn kíkan epo kò le: yàrá kẹ́mísìrì ilé ìwé girama lè fi ọtí, omi èérú tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀, àti èròjà tí ń yí àwọ̀ padà ṣe é. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé tàbí ti Ifásitì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgọ́-Ìwòyè lè máa bá ọjà ṣe é lóòrèkóòrè, kí epo tí ó bá pegedé gba àmì, kí àmì náà sì mú owó wá fún ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí wọ́n ṣe fún ará òkèèrè ní 1950 ni èyí. Ó tó kí ará ilé náà jẹ níbẹ̀.

(iv) Ìkójọ òróró àlòkù. Kí àwọn tí ń dín àkàrà, ọ̀jọ̀jọ̀ àti dòdò ní ibi tí wọn yóò ti ta òróró tí ó ti dúdú fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ. Bí dída òróró nù kò bá jẹ́ àdánù owó, yóò rọrùn fún wọn láti dà á.

8.0 Àkójọ Ọ̀rọ̀-Ìperí

ásíìdì ọ̀rá: ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn tí ó wà nínú epo gbogbo.
ọ̀rá àkúntán: èyí tí gbogbo ìjókòó háídrójìn rẹ̀ ti kún, ó máa ń dì.
ọ̀rá àìkúntán: èyí tí ó ní ìjókòó tí ó ṣófo, ó máa ń ṣàn.
òróró àkúnàbọ̀: òróró tí ilé iṣẹ́ fi háídrójìn kún, tí wọn kò kún un tán.
ọ̀rá olódìkejì: ọ̀rá àìkúntán tí háídrójìn rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì ara wọn.
ìwọ̀n kíkan epo: ìdá ásíìdì ọ̀rá tí ó ti tú sílẹ̀ nínú epo.
òróró onífítámì: òróró tí fítámì Á wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí òfin sọ.
àdàlù: ohun tí wọ́n fi kún epo láti rẹ́ ènìyàn jẹ.
epo aláró: epo pupa tí wọ́n da aró sí.
òróró àlòkù: òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan títí ó fi bàjẹ́.
ìwé ìtọpa: ìwé tí ń bá òróró rìn láti ilé iṣẹ́ dé ọjà.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ètò náà fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Ó ku kí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà nínú ọjà.

Òfin ìjọba lórí epo ti wà, òdiwọ̀n rẹ̀ sì dára. Ohun tí ó kù ni kí ìyá tí ń ra ìgò òróró kan ní Ìmùṣin lè béèrè, ní èdè tirẹ̀, pé, "Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé onífítámì ni? Ṣé kò kan?" Ọjọ́ tí ọlọ́jà bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó sì ní ìwé tí yóò fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ni òfin tí wọ́n ṣe ní Àbújá tó wọ ọjà.